Ọjọ́ Tí Títì Márosẹ̀ Di Pápá Ìṣeré

Láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé wa dé etí títì márosẹ̀ ní Òrè, ìṣísẹ̀ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Kì í ṣe pé mo fojú bù ú. Mo rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òjò ti rọ̀ tí ilẹ̀ ń yọ̀, iye kan náà ni mo sì ń rí. Ọ̀sẹ̀ tí a kó dé ilé náà ni mo ṣe é. Ìyàwó mi ń to abọ́, èmi ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn aládùúgbò sì rò pé nǹkan kan ti sọnù lọ́wọ́ mi.

Nǹkan kan kò sọnù. Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, obìnrin ni, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà náà. Mo fẹ́ mọ bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó dé ibi tí àwọn tírélà ń gbà, bí n bá ṣèèṣì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Èkó lọ sí Bìní rí mọ Òrè. Ó mọ̀ ọ́n bí ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró, tí èrò ń sọ̀ kalẹ̀ láti jẹun, láti tọ̀, láti na ẹsẹ̀, kí wọ́n tó wọlé padà. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ la mọ ohun tó ń ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún wa nígbà tí wọ́n bá lọ: ariwo. Ọkọ̀ kì í tán lórí títì náà, ì báà jẹ́ ọjọ́ Kérésì, ì báà jẹ́ ọjọ́ Iléyá. Bí tírélà bá tẹ bíréèkì, abọ́ á máa mì lórí pẹpẹ. Etí wa náà ti kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Láìwo ìta, a mọ ọkọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń ti Bìní bọ̀. A mọ èyí tó rù àti èyí tó ṣófo. Bí ariwo rẹ̀ bá sì ti pọ̀ tó la fi ń mọ bó ti súnmọ́ wa tó. Ọmọ Òrè ń kọ́ èyí kí ó tó kọ́ a, b, d.

Ìwọ̀n kòkó ni iṣẹ́ mi. Bí àwọn àgbẹ̀ bá gbé àpò wọn dé lórí ọ̀kadà láti Ajue tàbí Aráròmí-Obu, èmi ni mo ń gbé e lé òṣùwọ̀n, èmi náà ni mo ń ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó gbẹ. Wọ́n ní mo le. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Oníwèé mẹ́wàá ni mí, n kò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n n kì í sọ pé nǹkan tó nígbà tí n kò tíì wọ̀n ọ́n.

Àbúrò mi tó ń gbé Bìní ló ra kẹ̀kẹ́ ológeere fún ọmọ náà nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Pupa ni. Ọmọ gbá a mọ́ra, kò fẹ́ tú ọwọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, lẹ́yìn náà mo fi okùn so kẹ̀kẹ́ náà kọ́ sára ògiri. Níbo ni yóò ti gùn ún? Iwájú ilé wa, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá ni gígùn rẹ̀, kàǹga sì wà ní ìparí. Pápá ilé-ìwé tó súnmọ́ wa jù, òdìkejì títì márosẹ̀ ló wà, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló sì ni ín. Àwọn ọ̀nà inú àdúgbò, ọ̀kadà ń sá níbẹ̀ bí eku inú àká. Ọdún méjì ni kẹ̀kẹ́ náà fi wà lára ògiri. Lọ́jọ́ Àìkú, tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọmọ á mú àkísà, á nu ún láti ọwọ́ dé táyà, á wò ó, á sì lọ jókòó. Kò bẹ̀ mí mọ́. Ìgbà tó ń bẹ̀ mí rọrùn fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọjọ́ ìdìbò dé.

Gbogbo wa la mọ òfin ọjọ́ ìdìbò: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn títí wọn yóò fi dìbò tán, àfi ti àwọn tó ní ìwé àṣẹ. Láwọn ìdìbò tó ti kọjá, ilé ni mo máa ń ti ìdílé mi mọ́. Lọ́jọ́ yìí, mo jí ní agogo mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun tó sì jí mi ni pé n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé etí mi ti di. Mo fi ìka kan pákó bẹ́ẹ̀dì, mo gbọ́ ọ. Ìgbà náà ni mo tó rántí ọjọ́ tó jẹ́.

Mo lọ dìbò, mo padà dé pẹ̀lú tàdáwà lára àtàǹpàkò mi. Agogo mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀. Ìyàwó mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń já ewébẹ̀.

"Gbogbo àdúgbò ti lọ sórí títì," ó wí.

"Kí ni wọ́n lọ ṣe níbẹ̀?"

"Eré."

"Lórí títì márosẹ̀?"

"Ṣé a ní òmíràn ni?"

Ọmọ wa dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti tú okùn, ó ti sọ kẹ̀kẹ́ náà kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewu fún wọn. Mo ní ọkọ̀ ṣọ́jà ń rìn. Mo ní ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò ń rìn, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ń rìn, eré àsápajúdé ni gbogbo wọn sì ń sá nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà ṣófo. Mo ní awakọ̀ mìíràn wà tí kò ka òfin sí. Ìyàwó mi jẹ́ kí n kà á tán.

"Dádì, ẹ wá wo nǹkan kan," ó wí. Ó yíjú sí ọmọ. "Jókòó lé e."

Ọmọ jókòó lórí kẹ̀kẹ́. Orúnkún rẹ̀ ń kan irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Mo wọlé lọ mú sípánà àti téèpù. Mo gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà sókè dé ibi tó lè ga dé, mo dè é pa, mo ní kí ọmọ padà jókòó, mo sì wọ̀n ọ́n. Ínṣì méjì ló wà láàárín orúnkún rẹ̀ àti irin náà. Mo tún un wọ̀n. Ínṣì méjì.

"Ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n tán?" ìyàwó mi bi mí. "Kẹ̀kẹ́ ò ní dàgbà o. Ọmọ ló ń dàgbà. Tí kò bá gùn ún lónìí, ọmọ ọlọ́mọ la máa gbé e fún. A ó wá máa sọ pé ògiri ilé wa gun kẹ̀kẹ́ fún ọdún méjì."

Agogo mẹ́wàá ààbọ̀ ni. Wọ́n ní ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní nǹkan bí agogo mẹ́ta. Mo yọ wákàtí kan kúrò nítorí àwọn awakọ̀ tí kì í dúró de àṣẹ. Wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ọmọ mi ní láti fi kọ́ ohun tí mo ti fi dù ú láti ọdún méjì.

"Lọ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀," mo wí.

Ó ti wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọdún kẹwàá nìyẹn tí mo ti ń gbé Òrè, n kò tíì rí títì náà rí. Ọkọ̀ ni mò ń rí. Lọ́jọ́ yẹn mo dúró létí rẹ̀, ọwọ́ ọmọ mi nínú ọwọ́ mi, mo rí ilẹ̀ dúdú gbalasa kan tó lọ, tó lọ, títí tó fi tín-ín-rín bí okùn, tó sì wọ inú igbó. Mo yíjú sí apá kejì, òun náà nìyẹn, ó gba abẹ́ bíríìjì oríta kọjá, ó ń lọ. Alángbá kan ń fi ààrin ọ̀nà rìn. Ó dúró, ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún ń lọ láìkánjú. Mo wò ó títí tó fi dé òdìkejì.

Àwọn ọ̀dọ́ ti fi òkúta ṣe ojú ilé, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ìyá ti tẹ́ ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńkéré tó pín títì sí méjì, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí ọ̀dà bí ẹni wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ti fi ṣọ́ọ̀kì ya súwè, wọ́n ń fò ó. Òórùn epo ọkọ̀ kò sí. Òórùn ewé tútù ni, àti ti kòkó tí ẹnì kan sá síbì kan tí n kò lè rí. Lójijì ni mo gbọ́ ohun kan lókè, hùù, hùù, bí ẹni ń fi abẹ̀bẹ̀ ńlá fẹ́ná. Ẹyẹ àgbìgbò méjì ni, wọ́n ń ti igbó apá kan lọ sí igbó apá kejì. Apá wọn ló ń dún bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù dúró, bọ́ọ̀lù ń yí lọ, kò sẹ́ni tó lé e. Gbogbo wa gbójú sókè títí àwọn ẹyẹ náà fi wọ igbó. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ti ń kọjá lórí wa bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọ́ wọn rí.

Alájì kan wà ládùúgbò wa tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa tírélà kó tó fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ó ti bọ́ bàtà, ó jókòó sáàárín títì gan-an, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ọ̀dà náà lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára.

"Ẹ kú ìsinmi, Alájì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lójú ọ̀nà."

"Akọ̀wé òṣùwọ̀n! Ìwọ náà jáde? Ìwọ tó ń fi ìyẹ́ bo ọmọ bí adìyẹ tó rí àṣá?" Ó rẹ́rìn-ín. "Kí n dìde lọ síbo? Gbogbo ayé mi ni mo fi gun orí rẹ̀, n kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ rí. Bẹ̀rẹ̀ kó o fọwọ́ kàn án."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ohun tó wà láàyè. N kò tètè gbé ọwọ́ kúrò.

A bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Mo fi ọwọ́ kan di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú, mo fi èkejì di èjìká ọmọ mú. Mo ní kí ó máa wo táyà iwájú. Mo ní tí mo bá ka ẹẹ́ta, kí ó tẹ bíréèkì. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, a dúró. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá mìíràn, a dúró. Kẹ̀kẹ́ ń wọ́ sọ́tùn-ún, ó ń wọ́ sósì. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, aṣọ mi ti tutù fún òógùn, ọmọ kò sì tíì dá rìn níbì kan.

"Akọ̀wé," Alájì ké sí mi láti ibi tó jókòó sí, "ṣé o fẹ́ kó gùn ún ni, àbí o fẹ́ kó fi ru ọ́?"

Àwọn ìyá tó ń jẹ ẹ̀pà bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, gbọ́," ó wí fún ọmọ náà. "Má wo táyà. N kò rí awakọ̀ tó ń wo táyà tó dé ibi tó ń lọ. Ibi tí o fẹ́ dé ni kó o wò."

Ọmọ gbójú sókè. A tún gbéra, kẹ̀kẹ́ náà kò wọ́ mọ́. Mo mọ̀ ọ́n nínú ọwọ́ mi kí n tó fojú rí i: ìwúwo tó wà níbẹ̀ kúrò, bí ìgbà tí wọ́n gbé àpò kúrò lórí òṣùwọ̀n, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà sí òdo. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò tú. Mo sáré tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ nígbà méjì. Nígbà kẹta mo tú ọwọ́. Ó lọ ní ìṣísẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì. Ó dún ketekete, ó ń lọ geere, ohùn rẹ̀ nípọn. Etí mi wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀ bó ti máa ń ṣe: ọkọ̀ ńlá ni, ó rù, kò ní pẹ́ẹ́ dé.

"Ọkọ̀ o! Ẹ kúrò lọ́nà! Ọkọ̀ ń bọ̀!"

Ariwo mi gba gbogbo títì. Ọmọ mi yíjú wẹ́yìn, ó ṣubú. Àwọn ìyá fa ẹní, ẹ̀pà dànù. Àwọn agbábọ́ọ̀lù fo gọ́tà. Alájì dìde fẹ̀ẹ̀, ó fi bàtà sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan gbé ọmọ, mo fi èkejì wọ́ kẹ̀kẹ́, mo fo gọ́tà náà, èmi tí mo máa ń gba orí pákó.

Gbogbo wa tò sétí títì, à ń wo ọ̀nà. Ohùn náà ṣì ń dún. Títì ṣófo. Mo wo aago mi. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì. Kò sí nǹkan lórí ọ̀dà náà bí kò ṣe bàtà Alájì.

"Bàbá, ọkọ̀ yín dà?" ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù bi mí.

"Ó ń bọ̀. Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

"A gbọ́ ọ. Ṣé Kàlàbá ló ti ń bọ̀ ni?"

"Bóyá wọ́n ń tì í," ẹnì kejì wí.

Òótọ́ ni pé gbogbo wọn gbọ́ ọ, gbogbo wọn ló sì sáré. Èmi ni mo kàn kọ́kọ́ pariwo. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ti kọjá nígbà tí ìyá kan tó fi ẹní rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá dẹtí sílẹ̀, tó sì pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ni! Ẹ̀rọ abà wa ni! Ẹ gbọ́ ọ bó ti ń wúkọ́? Àbúrò mi ló ń lọ ẹ̀gẹ́ lábà!"

"Abà yín tó wà níbo?"

"Lẹ́yìn igbó lọ́hùn-ún. Ọ̀kadà á rìn ín fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ẹ̀rín tó sọ lójú ọ̀nà yẹn, n kò lè wọ̀n ọ́n. Wọ́n sọ mí ní Bàbá Ọkọ̀-Ń-Bọ̀, orúkọ náà sì wà títí dòní. Ṣùgbọ́n bí ojú ti ń tì mí, nǹkan mìíràn ń ṣe mí. Inú ariwo la ti kọ́ etí wa. Nígbà tí ariwo lọ, ohun tó jìnnà ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a kò sì mọ bí a ti í gbọ́ ọ. Ìyá yẹn dúró ní Òrè, ó ń gbọ́ iṣẹ́ àbúrò rẹ̀ lábà. Ó tún dẹtí, ojú rẹ̀ kún fún omi.

Orúnkún ọmọ mi bó, ínṣì kan ààbọ̀. Mo fi áńkáṣífù mi dì í.

"Ó tó," mo wí. "Ilé yá."

"Dádì," ó wí, "kẹ̀kẹ́ kọ́ ló gbé mi ṣubú. Ẹ ti tú ọwọ́, mi ò ṣubú. Ìgbà tí ẹ pariwo ni mo ṣubú."

Kò bínú. Ó kàn sọ ọ́ bó ti rí, bí èmi náà ṣe máa ń sọ fún àgbẹ̀ pé kòkó rẹ̀ kò gbẹ. Mo wo aago mi. Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà padà sórí títì. Mo di ìjókòó rẹ̀ mú kí ó fi lè gbéra, nítorí kò tíì lè dá gbéra, mo sì tú u ní ìṣísẹ̀ kẹta. Ó lọ. Mo ń kà á. Ogún. Ọgọ́ta. Ọgọ́rùn-ún. Ó dé ibi kan, ó dúró, ó fẹsẹ̀ rìn yí kẹ̀kẹ́ padà, ẹnì kan bá a dì í mú, ó sì ń bọ̀. Mo tún tì í gbéra. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ fún wákàtí kan, mo sì dúró lójú kan náà. Alájì ti padà jókòó. Kò bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Nígbà tí ó yá, mo jókòó tì í lórí ọ̀dà.

Ní agogo kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọmọ lọ jìnnà ju ti gbogbo ìgbà lọ. Ó kọjá àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó kọjá àwọn tó ń fo súwè, ó dé ibi tí ènìyàn kankan kò sí. Mo kà á dé igba, lẹ́yìn náà n kò mọ iye mọ́. Pupa kékeré kan ni mò ń rí lórí títì tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, igbó sì ga lọ́tùn-ún lósì rẹ̀.

Ọkọ̀ ṣọ́jà yọ ní ìpẹ̀kun ọ̀nà náà, níwájú rẹ̀.

Mo dìde. Ẹnu mi là. Mo fi ọwọ́ ara mi bò ó. Mo mọ ohun tí ohùn mi ti ṣe fún un lọ́jọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ mi kò lè dé ibẹ̀, ohùn mi kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Alájì di etí aṣọ mi mú.

Ọmọ tẹ bíréèkì. Ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó sọ èkejì kalẹ̀. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà kúrò lórí ọ̀dà, ó wá ibi tí pákó wà, ó gbà á kọjá gọ́tà, ó dúró sínú koríko, ó sì kọjú sí ọ̀nà. Ọkọ̀ ṣọ́jà kọjá lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí i. Ó juwọ́ padà. Ọkọ̀ náà kọjá lára wa, atẹ́gùn rẹ̀ gbé fìlà Alájì.

N kò wo ọkọ̀ náà. Mò ń wo ọmọ tó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sórí títì. Kò sẹ́ni tó wà nítòsí rẹ̀ láti bá a di ìjókòó mú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé kẹ̀kẹ́, ó fi èkejì ti ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà wọ́. Ó tún fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Ó wọ́, ó tọ́, ó gbéra.

Ó ń bọ̀, ó ń tóbi sí i, títí mo fi rí áńkáṣífù mi lórúnkún rẹ̀, títí mo fi rí eyín rẹ̀. Mo na ọwọ́ láti gbà á. Kò dúró. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó forí lé ọ̀nà bíríìjì, mo sì yípo níbi tí mo dúró sí, ọwọ́ mi ṣì wà ní nínà, mo ń wò ó.